Olùkọ́ Volkmar Ahlborn (1881–1956), Ẹni Tó Fi Ọwọ́ Ara Wọn Pe Ìwé Wọn Padà

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1881 ni wọ́n bí Olùkọ́ Volkmar Ahlborn sí ìlú Hollerstedt létí odò Leine, nínú yàrá tó wà lókè ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bàbá tó bí wọn ni Konrad Ahlborn, ọ̀gá ibùdó náà. Ìyá wọn ni Dorette, ọmọ ilé Pape, àwọn aṣebúrẹ́dì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà tó mọ Konrad sọ fún wa pé bí ọkọ̀ bá fi ìṣẹ́jú méjì péré pẹ́, oúnjẹ ọ̀sán kì í lọ lọ́nà ọ̀fun ọkùnrin náà lọ́jọ́ náà. Ilé tí wọ́n ti ń pa àṣẹ mọ́ bí ẹni ń pa ẹyin mọ́ ni Bàbá wa, Olùkọ́ Volkmar, ti jáde wá, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá wọn lẹ́jọ́ kọ́kọ́ mọ ìyẹn.

Wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìlú láti ọdún 1887, wọ́n sì tẹ̀síwájú sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ọdún 1901 ni wọ́n padà wálé gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, wọ́n sì kọ́ àwa, ẹ̀yin, àti ọ̀pọ̀ òbí yín ní ìwé kíkà àti ìṣirò. Gbogbo ẹni tó jókòó níwájú wọn rí ní í rántí rúlà onígi tó máa ń yọrí nínú àpò àyà kóòtù wọn. Wọn kì í fi na ọmọ. Ìlà ni wọ́n fi ń fà, nítorí pé wọn ò lè rí ìlà wíwọ́ kí ara tù wọ́n.

Ọdún 1907 ni wọ́n gbé Irmela Sültemeyer níyàwó, ọmọ àwọn olóyin orí òkè. Ìyá wa fúnra wọn ló ń sọ ìtàn yìí tí wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín: nígbà tí Bàbá wá tọrọ wọn, ìwé ni wọ́n mú lọ́wọ́, wọ́n ti to ìdí mọ́kànlá sí i tí ìgbéyàwó náà fi bójú mu. Bàbá ìyàwó kà á tán, ó ṣí gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, “Ọ̀dọ́mọkùnrin, ṣé ọmọ mi lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí ilẹ̀ lo fẹ́ rà?” Ojú ti Bàbá débi pé oyin tí wọ́n fi ṣe wọ́n lálejò dà sí wọn láṣọ. Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ, Tilde ní ọdún 1909 àti Arnulf ní ọdún 1912.

Wọ́n pe Bàbá sí ogun ní ọdún 1915. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ ti ṣe ọmọ ogun mọ òfin kan tó wà níbẹ̀: bí wọ́n bá ṣẹ̀ ọ́, o ò gbọdọ̀ fẹjọ́ sùn lọ́jọ́ náà. Kọ́kọ́ ṣe ohun tí wọ́n ní kí o ṣe, kí o lọ sùn, kí ilẹ̀ mọ́, kí o tó kọ ìwé ẹ̀hónú rẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń fi òfin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá ní tiwọn fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní òun ló ń jẹ́ kí èèyàn yàtọ̀ sí ẹranko, pé ìbínú á ti balẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan lá á kù.

Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé, ọba ti sá kúrò lórí ìtẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń pàṣẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 1920, ẹgbẹ́ méjì du gbọ̀ngàn ìlú wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì yìnbọn ní ọjà lọ́sàn-án gangan. Bàbá dojú bolẹ̀ lẹ́yìn kànga, wọ́n fi ara bo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ méjì mọ́lẹ̀ títí ariwo fi rọlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ wọ́n lọ́kàn: nígbà tí ọba ti lọ, tá a sì ní ìwé òfin tuntun tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ tó bá parí ilé-ẹ̀kọ́ kó mú lọ sílé, ta gan-an là ń pè ní ará ìlú? Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

Kì í ṣe Bàbá nìkan ló ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀. Gbogbo òǹkọ̀wé ilẹ̀ wa ló ń fa ìbéèrè náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láyé ìgbà yẹn. Ọ̀kan á ní jagunjagun ni ará ìlú tòótọ́, òmíràn á ní òṣìṣẹ́ ni, òmíràn á ní ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń ka ìwé rẹ̀ jẹ́jẹ́ ni. Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn máa ń jiyàn ìwé wọ̀nyí ní ilé ìtẹ̀wé Ọ̀gbẹ́ni Siegmund Löwenhain ní òpópó àwọn oníṣẹ́ awọ, pẹ̀lú kọfí àti kéèkì eléso púrúùmù. Bí ẹni tí ò mọ̀ wọ́n bá wà níhìn-ín, Ọ̀gbẹ́ni Löwenhain jẹ́ ọmọ Júù, Hollerstedt ni wọ́n bí wọn àti bàbá bàbá wọn sí, àwọn sì ni igbá-kejì ọ̀gá ẹgbẹ́ panápaná wa. Kò sí ọ̀rẹ́ tí Bàbá ní tó jù wọ́n lọ.

Ọdún 1924 ni Bàbá kọ ìwé wọn, *Atukọ̀ Hollerstedt*. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ ọ́n lórí, ṣùgbọ́n nítorí àwọn àlejò, ẹ jẹ́ ká sọ orí tó kẹ́yìn ní ṣókí. Jobst ni atukọ̀ tó ń gbé èèyàn sọdá odò. Àmì kan wà lára òkúta etí omi, òfin ìlú sì ni pé bí omi bá ti bo àmì náà, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ sọdá. Lọ́jọ́ ìkún omi, obìnrin kan ń rọbí lódìkejì, agbẹ̀bí sì wà lọ́dọ̀ Jobst níhìn-ín, ó ń bẹ̀ ẹ́. Jobst wo òkúta, ó rí i pé omi ti bo àmì, ó kọ̀. Ìyá àti ọmọ kú. Ilẹ̀ mọ́, Jobst kọ ìwé ẹ̀hónú tó dára sí gbọ̀ngàn ìlú, ìlú tún òfin náà ṣe, gbogbo ayé sì yin Jobst pé ará ìlú rere ni, torí pé ó pa òfin mọ́, ó sì gba ọ̀nà tó tọ́ yí i padà.

Àwọn tó wà ní ilé ìtẹ̀wé nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Löwenhain ń to lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé fún orí náà kò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Löwenhain dáwọ́ dúró, wọ́n nu ọwọ́ wọn.

“Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yìí tú okùn ọkọ̀ rẹ̀.”

“Kò lè tú u. Òfin ni.”

“Mo gbọ́. Wọ́n ti wá tún òfin ṣe. Ta ló máa lọ sọ fún òkú?”

Bàbá bínú. Wọ́n ní bí kálukú bá ń tú okùn nígbà tó bá wù ú, ìbọn ni yóò tún máa dún ní ọjà. Ọ̀gbẹ́ni Löwenhain ní, “Àwọn tó yìnbọn ní ọjà, Olùkọ́, àṣẹ ni wọ́n ní àwọn ń pa mọ́, tọ̀tún tòsì.” Ìyá wa tó gbé oyin wá fún wọn náà dá sí i: “Bàbá Tilde, èmi bímọ méjì. Ẹ jẹ́ kó tú u o.” Bàbá ò gbà. Ọ̀gbẹ́ni Löwenhain gbé èjìká, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ìwé náà rìn jìnnà. Wọ́n ń kà á ní ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri agbègbè wa, àwọn ọmọ sì máa ń ki ìwé òfin orílẹ̀-èdè sáàárín rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń parí ẹ̀kọ́. Arnulf ọmọ wọn lè ka orí tó kẹ́yìn láìwo ìwé. Inú Bàbá dùn, kí la fẹ́ fi pa mọ́?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọdún 1933, ìjọba tuntun gorí àlééfà. Ní oṣù kẹsàn-án, ìwé dé láti gbọ̀ngàn ìlú pé kí wọ́n yọ orúkọ gbogbo ọmọ Júù kúrò nínú ẹgbẹ́ panápaná. Bàbá ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọ̀gá ẹgbẹ́ nígbà náà ni Gerwin Kötter, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó gbé ìwé orúkọ wá bá wọn nílé. Bí ẹsẹ̀ Bàbá ti ń wọ́ nílẹ̀, Gerwin ní, “Olùkọ́, kí lẹ tún ń rò? Omi ti bo àmì. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa.” Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ẹbí yìí kì í fi irọ́ ṣe òkú lẹ́ṣọ̀ọ́, nítorí náà a ó sọ ọ́. Bàbá yọ rúlà nínú àpò àyà, wọ́n sì fa ìlà gbọọrọ kan tó tọ́ la orúkọ ọ̀rẹ́ wọn kọjá, orúkọ ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pa iná ní ilé àwọn ará ìlú. Wọ́n lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú olójú ewé mẹ́rin sí gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ han Ọ̀gbẹ́ni Löwenhain.

Ọ̀gbẹ́ni Löwenhain kà á dé òpin lórí ìdúró. Wọ́n fi pẹ́ńsù tún àṣìṣe kan ṣe lójú ewé kẹta, nítorí iṣẹ́ tó ti mọ́ wọn lára.

“Ìwé ẹ̀hónú tó dára ni, Olùkọ́. Orúkọ mi ńkọ́?”

Bàbá gba ẹ̀dà náà padà. Wọ́n padà wálé, wọ́n jókòó síwájú ilé oyin Ìyá wa láìṣí fìlà lórí, wọn ò sì jẹun lọ́jọ́ náà. Èsì dé láti gbọ̀ngàn ìlú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìlà kan péré: a ti rí ìwé yín gbà. Ibẹ̀ ni Bàbá ti mọ̀ pé òtítọ́ ni ọ̀rẹ́ wọn ń sọ láti ọdún 1924. Ṣùgbọ́n ìwé ti wọlé ayé, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́. Orí ìkẹyìn yẹn ti wà lẹ́nu àwọn ọmọ tó ti dàgbà, tí wọ́n sì ti wọ aṣọ àṣẹ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1936, gbọ̀ngàn ìlú pè wọ́n kí wọ́n wá ka orí náà níwájú gbogbo ìlú fún ìrántí ìkún omi. Ìyá wa ní kí wọ́n díbọ́n pé ara wọn ò yá. Bàbá ní, “Irmela, kí n wá máa purọ́ òtútù báyìí kẹ̀?” Wọ́n lọ. Wọ́n kà á dáadáa títí dé ibi òkúta, wọ́n ṣí ìwé pélébé kan nínú ìwé náà, wọ́n sì kà pé Jobst tú okùn, ó gbé agbẹ̀bí sọdá, ọmọ ké, ìyá yè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Jobst lọ sí gbọ̀ngàn ìlú, ó ṣí fìlà, ó bẹ alága ìlú pé kó dárí jì òun, alága sì dárí jì í.

Gerwin Kötter dìde láàárín èrò. “Olùkọ́, ẹ ti ṣi ojú ewé!”

“Èmi ni mo kọ ọ́, Gerwin. Jókòó.”

Ó jókòó. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn dìde. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti lé Bàbá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ni, ìjọba sì tún ìwé náà tẹ̀ pẹ̀lú ìparí ti àtijọ́ láìbi wọ́n. Oyin ni Bàbá ń tọ́jú láti ìgbà náà. Ọ̀gbẹ́ni Löwenhain àti Recha ọmọ wọn kó lọ sí ìlú Montevideo lókè òkun ní oṣù kẹrin ọdún 1938. Bàbá gbé ìkòkò oyin méjì lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin láti kí wọn. Ọ̀gbẹ́ni Löwenhain gbà á, wọ́n bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ní, “Mo gbọ́ pé ẹ ti tú okùn. Ọdún méjìlá ló gbà yín.” Ọkọ̀ gbéra. Wọn ò tún fojú kan ara wọn mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Löwenhain kú sí Montevideo ní ọdún 1947.

Arnulf, àbúrò Tilde, ṣubú lójú ogun ní Rọ́ṣíà ní oṣù kejì ọdún 1943. Ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ kọ wá ní ọmọ ogun tó ń pa àṣẹ mọ́ ni. Bàbá ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fún Ìyá wa ní ìwé náà. Ó dùn wá gan-an. Ó ṣì ń dùn wá.

Ní ti ìgbàgbọ́, ọmọ ìjọ Luther ni Bàbá láti ọjọ́ ìrìbọmi wọn. Ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yìí, wọ́n sì máa ń lọ́ orin díẹ̀ lápá òpin, ẹ má ṣe jẹ́ ká tan ara wa. Wọ́n padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún 1946, wọ́n sì fẹ̀yìn tì ní ọdún 1949.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ wọ́n mọ́. Wọ́n kéde nínú ìwé ìròyìn pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ní *Atukọ̀ Hollerstedt* nílé gbé e wá, pé àwọn fẹ́ fi ọwọ́ ara àwọn tún ìparí rẹ̀ kọ. Àwọn kan rò pé arúgbó ti dé. Ṣùgbọ́n ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í dé, òmíràn nínú bébà tí wọ́n fi dì sọ́séèjì, òmíràn nínú àpò ìdáná. Gerwin Kötter dé láti àgọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ní ọdún 1951, ẹsẹ̀ kan ló bá bọ̀, ó sì gbé tirẹ̀ wá. Ó jókòó sí ìkángun tábìlì fún wákàtí méjì títí yíǹkì fi gbẹ. Àwọn méjèèjì ò sọ ju “Ẹ káàsán” àti “Ó dàbọ̀” lọ. Ó tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sì ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó ń bá wọn fa ìlà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1955, ìwé mẹ́tàlélógóje ni Bàbá ti tún ṣe.

Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ẹrù kékeré kan dé láti Montevideo. Recha Löwenhain ló fi ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé: “Ẹ̀dà ti bàbá mi fúnra wọn nìyí. Wọ́n ní kí n má fi ránṣẹ́ àfi ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ti ń tún tiyín ṣe. Mo ti gbọ́.”

Bàbá ṣí i sí orí ìkẹyìn. Lẹ́tà òjé kan náà ni, bébà kan náà, ọdún 1924 ló wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ọ̀gbẹ́ni Löwenhain ti to ojú ewé kan fún ara wọn nìkan ní ọdún náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í mọ́ ẹ̀dà tiwọn, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

“Jobst wo òkúta. Omi ti bo àmì. Ó ní, ‘Ìlú ló gbẹ́ àmì yìí kí èèyàn má baà kú. Obìnrin tó ń rọbí lọ́hùn-ún, ìlú ni. Èmi náà, ìlú ni mí.’ Ó na ọwọ́ sí agbẹ̀bí, ó tú okùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Jobst gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀. Kò kọ ìwé sí ẹnikẹ́ni, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.”

Bàbá sunkún lójú Ìyá wa àti lójú Gerwin tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, “Irmela, mo jẹ́ kó sọdá, mo sì tún mú un lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kí ni? Ìwé mẹ́tàlélógóje, mo ní kó ṣí fìlà nínú gbogbo rẹ̀.” Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún kéde: kí gbogbo ẹni tó ti gba ìwé rẹ̀ padà gbé e wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé Olùkọ́ fẹ́ máa tún un kọ títí ayé ni. Ìparí ti Ọ̀gbẹ́ni Löwenhain ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà kọ, wọ́n sì ń kọ orúkọ ọ̀rẹ́ wọn sísàlẹ̀ rẹ̀, orúkọ tí ìlà kò la kọjá. Wọ́n ti parí mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà tí àárẹ̀ dé. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá ọdún 1956, ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Aya wọn, Ìyá wa Irmela, ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú Tilde ọmọ wọn tó kọ ìtàn yìí lórúkọ ẹbí, Bertram ọkọ rẹ̀, àti àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́ta: Gesine, Ludolf àti Wiebke. Wiebke ló kéré jù, ó sì ti bi wá léèrè ìdí tí Jobst ò fi kọ́kọ́ tú okùn kó tó wo òkúta rárá.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni ẹbí ní sí yín. Ìwé tó ṣẹ́kù pọ̀ nílé yín, a mọ̀, nítorí Bàbá ló kọ́ yín láti má ṣe sọ ìwé nù. Tábìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, yíǹkì wà lórí rẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí tí ìwé tó kẹ́yìn yóò fi dé. Gerwin Kötter fúnra rẹ̀ ló wá tọrọ lọ́wọ́ Ìyá wa pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa kọ ọ́. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ lọ sùn rò ó ná. Ó ní, “Rárá, Mà. Ẹ gbé yíǹkì wá.”

Bàbá wa, iṣẹ́ yín ṣì ń lọ, ọwọ́ mìíràn ti gbà á. Ẹ sinmi lọ́dọ̀ Ẹni tí ń gbé èèyàn sọdá láìwo ìwọ̀n omi. Ẹ kí Siegmund, ẹ kí Arnulf. Ẹ sùn un re o.